Ohun tí Bernadette Sọ fún Olúlékè Nídìí Kòkó

Bernadette ń kọ́ àwọn ọmọ ní báyọ́lọ́jì nílé ẹ̀kọ́ kan ní Aládé nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Nọ́ọ̀sì Jemima ni, ìyá àgbà tó ti Àkúrẹ́ wá ṣe àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ fún àwọn obìnrin ìjọ wọn. Bernadette sáré jáde sábẹ́ igi máńgòrò.

"Ọmọ mi, èsì rẹ ti dé. A rí kòkòrò HPV lára rẹ, èyí tí ìbálòpọ̀ máa ń kó ranni. Fọkàn balẹ̀, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹnu ilé ọmọ rẹ dára, kò sí ìyípadà kankan níbẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló kó o ràn mí?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Ta ni yóò mọ̀? Ó lè ti wà lára rẹ tipẹ́tipẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwa tó ti mọ ọkùnrin rí ló ti ní in nígbà kan. Kò sí oògùn tó ń pa á, ara fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń lé e lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó bá kọ̀ tí kò lọ, tí ẹnikẹ́ni ò sì ṣọ́ ọ, ló lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Nítorí náà, wá ṣe àyẹ̀wò mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀."

Ara tù ú díẹ̀. Àfi ìgbà tó rántí Olúlékè, sọ̀fíyọ̀ kan tó ń wọn ilẹ̀ ní Àkúrẹ́, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ra. Wọn ò tíì bára wọn sùn.

Kẹ́misọ́lá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ní, "Má sọ ọ́ o! Bó bá ti gbọ́ kòkòrò báyìí, ó ti sá lọ nìyẹn."

"Tó bá jẹ́ òun ló ní in ńkọ́? Ṣé mi ò ní fẹ́ mọ̀?"

Kẹ́misọ́lá pòṣé.

Nígbà tó di Sátidé, Olúlékè wá kí Bernadette nílé bàbá rẹ̀. Wọ́n sá kòkó síta, òjò sì ṣú dẹ̀dẹ̀ lórí òkè. Àwọn méjèèjì di etí ọ̀rá tápólì mú kí wọ́n fi bò ó. Ibẹ̀ ni Bernadette ti sọ èsì rẹ̀ fún un, tòun ti jẹjẹrẹ tó lè yọrí sí bí wọn ò bá ṣọ́ ọ, kó má baà tún yí ọkàn padà.

Olúlékè jọ̀wọ́ tiẹ̀ sílẹ̀.

"Lékè, tápólì!"

Atẹ́gùn ti gbé e. Wọ́n lé e dé ẹ̀yìn ilé ìdáná kí ọwọ́ wọn tó tẹ̀ ẹ́.

"Ṣé ó lè ràn mí?" ni Olúlékè béèrè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ó lè ràn ọ́. Kọ́ńdọ̀mù ń dín in kù, kò dí i pátá. Ó sì lè ti wà lára ìwọ náà. Wọn kì í sábà yẹ ọkùnrin wò fún un." Ó fún un ní nọ́ńbà nọ́ọ̀sì.

Olúlékè ki nọ́ńbà náà bọ àpò. Inú òjò náà ló bá lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, "ẹ kú àárọ̀" nìkan ló ń fi ránṣẹ́, bí ẹni ń kí ọ̀gá rẹ̀. Inú bí Bernadette títí, ṣùgbọ́n kò kábàámọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Olúlékè pè.

"Mo bá nọ́ọ̀sì yẹn sọ̀rọ̀. Mo da ìbéèrè bò ó títí ó fi ní òun fẹ́ lọ jẹun. Bẹ̀nà, má bínú. Kì í ṣe ìwọ ni mo sá fún. Bí mo ṣe gbọ́ jẹjẹrẹ ni etí mi di. Mo ti sin ìyàwó kan."

"Mi ò ní kú, Lékè."

"Nọ́ọ̀sì náà sọ bẹ́ẹ̀. Ó tún ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà fún àwọn ọmọbìnrin. Michelle ọmọ mi ti tó gbà á. Ṣé wàá bá wa lọ?"

Bernadette bá wọn lọ. Michelle di ọwọ́ rẹ̀ mú pinpin, ó sì pariwo kí abẹ́rẹ́ tó kàn án rárá.

"Àǹtí, ẹ ní kò ní dùn mí!"

"Mo ní kò ní dùn ọ́ púpọ̀."

Olúlékè bú sẹ́rìn-ín, ó lọ ra bọ̀ọ̀lì fún wọn lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n ń jẹ ẹ́ lọ, ó sì ń jó wọn lẹ́nu.