Ohun Tí Hobart Rí ní Bésì Kejì

Bí ẹ bá fẹ́ kí Orrin Tullis gbàgbé oúnjẹ tó wà níwájú rẹ̀, ẹ sọ̀rọ̀ bésíbọ́ọ̀lù sí i. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni lọ́dún 1937. Àpò oúnjẹ adìẹ ló ń gbé ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Carden, ní ìpínlẹ̀ Ohio, orúnkún rẹ̀ méjèèjì a sì máa dùn ún tó bá ń gun àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n nígbà kan, Àgbọ̀nrín ni gbogbo ìlú ń pè é, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n pé nítorí kí ni. Wọ́n ti rí i nígbà tó ń sáré.

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Karùn-ún, Vernon Askew, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn ìlú, wá jókòó láàárín àwọn àpò náà pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù. Ìlú fẹ́ yẹ́ Orrin sí ní pápá lọ́jọ́ òmìnira, ìwé ìròyìn sì fẹ́ fi odidi ojú ewé kan sọ àwọn ohun ńlá tó ti ṣe.

"Ẹ mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, Bàbá Tullis," Vernon wí.

Orrin kò jẹ́ kí ó bẹ òun. Ó sọ bí òun ṣe ti oko wá lọ́dún 1906 pẹ̀lú bàtà tó tóbi jù, tí òun fi bébà dí iwájú rẹ̀. Ó sọ ti 1908, ọdún tó jí bésì mọ́kànléláàádọ́rin. Nígbà náà, bí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù bá ṣẹ́jú báyìí, Orrin ti kúrò ní bésì kìíní, àmì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ pápá, ó ti wà ní ìkejì, ó ń gbọn eruku lára ṣòkòtò. Ó sọ ti ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù fò kọjá orí rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn pápá níbi tí àwọn olówó máa ń dá kẹ̀kẹ́ ẹṣin wọn dúró sí. Ó sá tẹ̀ lé e wọ àárín ẹṣin méjì, ó nawọ́, ó sì mú un. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn ẹṣin náà wo òun bí ẹni tí wọ́n já wọ yàrá rẹ̀ láìkanlẹ̀kùn.

Vernon rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Orrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àárò ti mú un. Kì í ṣe àtẹ́wọ́ ló ń wù ú. Ìṣísẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin ló ń wù ú, níbi tí ara á ti fúyẹ́ tí ènìyàn ò ní rántí mọ́ pé òun ní ara. Ó ti tó ogún ọdún tí kò ti ní in mọ́, ó sì ń wù ú gidigidi.

"Ó wá ku ti 1909," Vernon wí, ó yí ojú ìwé tuntun. "Ti Millhaven."

Kò sí ọmọ Carden tí kò mọ ìtàn ti Millhaven. Ìdíje àṣekágbá pẹ̀lú ẹgbẹ́ ìlú Millhaven ni, àmì ayò ẹgbẹ́ méjèèjì dọ́gba, Orrin sì wà ní bésì kìíní. Ará Carden kan gbá bọ́ọ̀lù sí apá ọ̀tún, Orrin sì sáré láti bésì kìíní, ó kọjá ìkejì, ó kọjá ìkẹta, ó dé bésì ilé níbi tí ayò ti ń wọlé, Carden sì gba ife. Eré kan ṣoṣo ni, bẹ́ẹ̀ òfin ni pé ẹni tó ń sáré gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ tẹ bésì kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kọjá.

Orrin wí pé, "Mi ò tẹ bésì kejì."

"Ẹ ò ṣe kí ni?"

"Mo gé e. Mo gba inú kọjá, bí ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí i. Ẹsẹ̀ mi ò kàn án."

Vernon tún rẹ́rìn-ín. "Ta ni ò gé e láyé ìgbà yẹn? Bàbá mi ní rẹfirí kan ṣoṣo ló máa ń wà, tó bá ti kọjú sí bọ́ọ̀lù, olúkúlùkù á gba ọ̀nà àbùjá tirẹ̀."

Òótọ́ ni. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ìgbà náà a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí ọtí, ohun tí rẹfirí kò bá rí kò ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n Orrin kì í ṣe é. Ó máa ń fọ́nnu pé ẹsẹ̀ òun tó òun í ná. Ọjọ́ kan yẹn ṣoṣo ló ṣe é, títí di òní kò sì mọ ohun tó sún un dé ibẹ̀.

"Hobart Meers rí mi," ó wí.

Hobart ló ń ṣọ́ bésì kejì fún Millhaven. Ọ̀rẹ́ Orrin ni láti kékeré, òun náà ló sì fẹ́ Leota, àbúrò kan ṣoṣo tí Orrin ní. Kí Orrin tó dé bésì ilé ni Hobart ti ń pariwo pé kò tẹ̀ ẹ́, kò tẹ̀ ẹ́. Rẹfirí bi Orrin. Orrin ní òun tẹ̀ ẹ́. Hobart kò dákẹ́, wọ́n lé e jáde, àwọn ará Carden sọ ìgò lù ú, wọ́n ń pè é ní òpùrọ́. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ẹgbẹ́ Millhaven ní kí ó máa lọ sílé. Láti ìgbà náà, ọ̀kan kò tẹ ilé èkejì mọ́. Leota kọ lẹ́tà, ó kọ ọ́ títí. Orrin kò dá a lóhùn rí, torí pé èsì tó bá fún un, yálà kó jẹ́ irọ́ tàbí kó jẹ́ ìjẹ́wọ́. Nígbà tí òtútù àyà pa Leota lọ́dún 1931, ẹ̀yìn ọgbà itẹ́ òkú ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró sí, pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́.

Vernon pa ìwé rẹ̀ dé. "Mi ò lè kọ èyí, Bàbá. Wọ́n á ní mo ba ọjọ́ òmìnira jẹ́. Ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún ṣì wà láyé. Ẹ lọ bá a."

Bẹ́ẹ̀ ni Orrin ṣe wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, tó sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Millhaven. Ohun tó ń fẹ́ kò pọ̀. Ó fẹ́ kí Hobart ṣílẹ̀kùn fún òun. Ó fẹ́ kí ẹnì kan tó mọ òun nígbà tí òun ń sáré tún pe òun ní orúkọ, kí ó sì sọ̀rọ̀ Leota fún òun.

Hobart jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀wà tútù sínú abọ́. Ó ti pá lórí. Kò dìde.

"Àgbọ̀nrín ti wá di ahun," ó wí. "Láti ìdí igi ọ̀hún ni mo ti ń wò ọ́. Mo rò pé ilẹ̀ á ṣú bá ọ lọ́nà."

"Orúnkún ni."

"Ṣé o ṣìnà ni?"

"Mi ò ṣìnà. Hobart, mi ò tẹ̀ ẹ́. Òótọ́ lo sọ lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo purọ́, tí mo sì ń wò tí wọ́n ń lé ọ lọ."

Ọwọ́ Hobart dúró nínú abọ́. "Tún un sọ."

Orrin tún un sọ. Hobart gbé abọ́ náà sílẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ itan.

"Mi ò rí ọ," ó wí.

"Kí lo wí?"

"Mi ò rí ẹsẹ̀ rẹ, Orrin. Mo ti kọ ẹ̀yìn sí bésì, bọ́ọ̀lù ni mò ń wò. A ti pàdánù, mo bá pariwo. Ṣebí gbogbo wa la máa ń pariwo. Mo ní bóyá rẹfirí á gbà. Nígbà tí o wá ní o tẹ̀ ẹ́, mo gbà ọ́ gbọ́. Mo wá rí i pé mo ti pe ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi lólè níṣojú ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn, mi ò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ kó ọ̀rọ̀ náà jẹ."

"Ohun tí o ò fi wá nìyẹn?"

"Ojú ń tì mí. Ìwọ ńkọ́?"

"Ojú ń tì mí ni."

Orrin jókòó lórí àtẹ̀gùn. Ó béèrè nípa Leota.

"Gbogbo Kérésìmesì ló ń rọ̀ mí pé kí n wá bẹ̀ ọ́," Hobart wí. "Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ò lè ṣe irú ẹ̀. Ó ní bínú lo ń bínú tí o ò fi dáhùn lẹ́tà òun, o sì lẹ́tọ̀ọ́. Ó sọ ọ́ títí ó fi kú."

Orrin fi fìlà bo ojú, ó sunkún, Hobart sì jẹ́ kí ó sun ún.

"Mo ti dárí jì ọ́," Hobart wí nígbà tó yá. "Kí ìwọ náà dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́."

Kò ṣòro rárá, àfi bí ẹni pé wọ́n lè ṣe é láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n Orrin kò dìde. Ohun kan wà lọ́kàn rẹ̀ tí kò dáa, ó sì rò pé bí òun bá ti wá sọ òótọ́, kí òun kúkú sọ ọ́ tán.

"Ká ní mo mọ̀ pé o ò rí mi ni," ó wí, "n kì bá tí jẹ́wọ́ láéláé. Ǹ bá máa wá síbí ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ǹ bá jókòó ti Leota, kí n jẹun rẹ̀, kí irọ́ náà wà lẹ́nu mi. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, Hobart. Kì í ṣe pé mo purọ́. Pé mi ò wá jẹun ni."

Hobart fi ẹsẹ̀ ti abọ́ ẹ̀wà náà sún mọ́ ọn.

"Ká ní o wá, èmi náà ì bá gé ẹran fún ọ," ó wí. "Bó ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ. A ò tíì jẹun ọ̀sán."