Àbẹ́là Méjì Nínú Ihò Bíṣọ́ọ̀bù

Mo ti ń yọ eegun ẹja lọ́fun àwọn ènìyàn láti àárọ̀, apá mi sì ti ń ro mí. Inú ihò àpáta tí Bíṣọ́ọ̀bù Mímọ́ Bíláísì sá pamọ́ sí nígbà inúnibíni ni a wà. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sórí àpótí lẹ́yìn mi. Òòyà irin tí wọ́n fi ń ya irun àgùntàn ni wọ́n fi ya á lára kí wọ́n tó bẹ́ ẹ lórí, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ kò lè di nǹkan kan mú mọ́. Orí rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti ń ka àdúrà, tí èmi sì ń fi àbẹ́là méjì ṣe àgbélébùú sọ́rùn àwọn tó tò síwájú wa.

"Láti ìgbà tí mo ti yọ eegun lọ́fun ọmọ kan ṣoṣo," ó wí, "wọn kò jẹ́ kí n sinmi mọ́. Ẹ ń jẹ ẹja jù."

A kò tan àbẹ́là náà, síbẹ̀ wọ́n ń kúrú sí i nígbàkígbà tí wọ́n bá kan ọrùn. Èyí tó wà lọ́wọ́ òsì mi sọ pé ó ti rẹ òun. Mo ní kó dákẹ́, kó má fi ara rẹ̀ ṣòfò.

Ìyá mi wà lórí ìlà. Ó ti pẹ́ tí a ti sin ín. Lọ́jọ́ tó kú, ẹnu rẹ̀ ń mì, mo tẹ́tí sí i, ṣùgbọ́n ohùn kò jáde. Ohun tó fẹ́ sọ fún mi ṣì há a lọ́fun. Mo rí i tó yọ sókè lábẹ́ awọ ọrùn rẹ̀. Bí àbẹ́là bá tán kó tó kàn án, yóò tún gbé e padà lọ, n kò sì ní gbọ́ ọ láé.

Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá dé ni ìyá mi ń yà fún. Ó yà fún olùkọ́ kan. Ó yà fún ẹkùn tó tò jẹ́ẹ́ sẹ́yìn olùkọ́ náà. Ó yà fún Bàbá Sipiriánù, aládùúgbò wa àtijọ́. Eegun tí mo fà yọ lọ́fun bàbá náà gùn tó ọ̀pá ìtilẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹja lẹ jẹ ni, àbí ẹ gbé odò mì?" ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn.

"Ìwọ tí o tò síbẹ̀ yẹn ńkọ́? Omi ló há ọ lọ́fun?" Bàbá Sipiriánù dá a lóhùn.

Mo pe ìyá mi. "Ìyá, ẹ máa bọ̀ níwájú."

"Jẹ́ kí wọ́n ṣe tiwọn ná, Àwẹ̀ró. Àwọn ló ń kánjú."

"Èmi náà ń kánjú, Ìyá."

Ó tún yà fún ẹlòmíràn.

Ihò náà ti di ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ti Bíṣọ́ọ̀bù mọ́ nígbà ayé rẹ̀. Obìnrin tí ìkookò gbé ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ lọ, tí Bíṣọ́ọ̀bù sì pàṣẹ fún ìkookò kó dá a padà, gbé orí ẹlẹ́dẹ̀ náà wá ní sísè láti fi dúpẹ́. Mo bèèrè àbẹ́là lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní èyí tó wà lọ́wọ́ mi yẹn náà ni òun mú wá, kò sí òmíràn. Bíṣọ́ọ̀bù ní ká pín ẹran náà fún àwọn tó wà lórí ìlà. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, nítorí pé eegun wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí ọgbà ẹ̀wọ̀n di ilé ìdáná wa àtijọ́, ìyá mi nìkan ló kù. Àbẹ́là ti kúrú bí èékánná. Bíṣọ́ọ̀bù ti ń tòògbé. Mo gbé orí rẹ̀, mo mì í díẹ̀, ó sì ka àdúrà náà dé òpin. Ìyá mi wúkọ́. Eegun ẹja ọ̀bọ̀kún kékeré kan bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Àbẹ́là tán.

"Òjò ti ṣú," ìyá mi wí. "Aṣọ wà lórí okùn."

Mo dúró kó sọ ìyókù.

"Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ sọ nìyẹn, Ìyá?"

"Kí ló tún kù? Yóò mà tutù! Lọ ká a."

Mo nu ọwọ́ mi, mo sì jáde. Aṣọ pupa ló kún orí okùn náà láti ẹnu ọ̀nà dé orí òkè, gbogbo wọn sì ń mí bí ẹni tó sùn.