Ọwọ́ Òsì Ọ̀gá Télọ̀

Nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú Ọ̀gá Télọ̀ lápá ọ̀tún, àánú rẹ̀ ṣe gbogbo àdúgbò. Àánú yẹn gan-an ló sì ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Obìnrin tó ń tọ́jú iṣan ní ọsíbítù ti là á yé ìyàwó rẹ̀ yékéyéké. "Kò sóhun tó ṣe ọwọ́ yẹn, ìyá. Inú ọpọlọ ni ọ̀nà tó ń gbà rán ọwọ́ níṣẹ́ ti bàjẹ́. Ẹ ò rí ọmọ ọwọ́ tó ń ju apá káàkiri? Kì í ṣeré, ọ̀nà ló ń là nínú ọpọlọ. Ọpọlọ àgbà náà lè la òmíràn, àmọ́ tí ọwọ́ òsì bá ń ṣe gbogbo iṣẹ́, ta ló fẹ́ la ọ̀nà fún? Ẹ fi aṣọ so tòsì mọ́ ọn láyà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ yìí ló ṣe pàtàkì jù o."

Ìyàwó so ó. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ń na ọwọ́ òsì sí i láràárọ̀. Ó ń bú bọ́tìnnì, ó ń bú síbí, ó ń làágùn yọ̀bọ̀. Lọ́jọ́ kan, àtàǹpàkò ọ̀tún gbá etí aṣọ mú, kò sì jẹ́ kó bọ́. Tọkọtìyàwó sunkún ayọ̀. Ọjọ́ tí yóò tún gbé sísọ́ọ̀sì rẹ̀ gé aṣọ kò jìnnà mọ́.

Ni ẹ̀gbọ́n ọkọ bá dé. Bó ṣe wọlé, ó káwọ́ lérí. "Ẹ gbà mí o! Ẹ so àbúrò mi mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́! Ṣé wèrè ló ń ṣe é ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọsíbítù ló ní ká..."

"Ọsíbítù wo? Táráyé bá wá bá a báyìí ńkọ́?"

Ojú ti ìyàwó, ó tú u. Látọjọ́ náà, tó bá ti gbúròó bàtà lẹ́nu ọ̀nà, á sáré tú ìdì náà. Àlejò ò sì tán nílé aláìsàn. Bọ́kọ bá na ọwọ́, ìyàwó á ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ ná." Tí wọ́n bá lọ tán, á ti rẹ òun náà, á kúkú bá a de bọ́tìnnì, á fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Wọn ò sọ fún wa pé ikú ilé máa ń mú síbí dání. Nígbà tó yá, Ọ̀gá ò na ọwọ́ mọ́.

Ìgbà tí wọ́n fi padà sí ọsíbítù, ìka ọ̀tún ti ká kò.

"Ṣé ẹ̀ ń so tòsì?" ni obìnrin tó ń tọ́jú iṣan bèèrè.

Ìyàwó wolẹ̀.

"À ń so ó," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn.

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Á jẹ́ pé ọpọlọ yín ló kọ̀ nìyẹn, bàbá."

Ìyàwó gbọ́, ó sì jẹ́ kí wọ́n di ẹ̀bi ru ọpọlọ tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀. Ó dùn ún dé egungun.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tún ṣọ́ọ̀bù ṣí, ẹ̀gbọ́n ọkọ kó àwọn oníbàárà wá kí i. Ọ̀gá fi ọwọ́ òsì gbé sísọ́ọ̀sì. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe sísọ́ọ̀sì télọ̀ fún. Aṣọ ò gé, ṣe ló ń ká sáàárín irin méjèèjì. Ó tún gbìyànjú, ó tún ká.

"Ẹ mú un wá, ẹ jẹ́ n bá yín gé e," ni ìyàwó wí.

Ọ̀gá gbé sísọ́ọ̀sì kalẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì sí ìyàwó rẹ̀ níwájú gbogbo wọn.

"So ó."

"Àlejò wà níbí o," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ.

"Mo ní kó o so ó."

Ìyàwó fa àjákù aṣọ kan yọ, ó so ọwọ́ náà mọ́ ọn láyà, ó ta á ní kókó. Ọwọ́ ọ̀tún wà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sísọ́ọ̀sì. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wò ó. Ọwọ́ ọ̀tún náà kò mira.