Búrẹ́dì Nínú Omi Tí Kò Tíì Gbó

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọkùnrin tí mo fẹ́, tí mo bá gbé yàrá kan ṣoṣo ní Ketu fún ọdún gbọọrọ kí a tó rí ilé oníyàrá méjì gbà ní Alápẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ kẹ́yìn láyé yìí ni pé, "Fadékẹ́, má fún wọn lóúnjẹ púpọ̀ o." Ẹja ló ń sọ. Wọ́n ń gbé e wọ mọ́tò lọ sí ọsibítù, ó di àyà mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò rí nǹkan mìíràn bá ìyàwó ẹ̀ sọ. Kò ní kí n tọ́jú ara mi. Kò ní ó dàbọ̀. Ẹja ló rántí. Inú bí mi sí i lọ́jọ́ náà, inú ṣì ń bí mi sí i dòní, bẹ́ẹ̀ ẹkún ni mò ń sun bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ọlábámijí kì í ṣe ẹni tó ń náwó sí ìranù. Ṣùgbọ́n bí a ṣe kó dé ilé tuntun, ó ní pálọ̀ tí kò bá ti sí nǹkan ẹlẹ́mìí nínú ẹ̀, yàrá ìkẹ́rù ni. Ló bá gbé àpótí gíláàsì ńlá kan wálé. Ó kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i nísàlẹ̀, ó fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi sí i, ó pọn omi kún un. Mo rò pé ẹja ló kàn. Ó ní rárá, omi náà kò tíì gbó. Mo bi í pé ṣé àgbàdo ni omi ni, tó fi máa gbó? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n jókòó kí òun là mí lọ́yẹ̀.

Ó ní ibi tí ẹja ti ń jẹ náà ló ti ń ṣu, ibẹ̀ náà ló ti ń tọ̀. Ìgbẹ́ yẹn, pẹ̀lú oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù tó rà, ló ń di májèlé tí ojú kò rí. Nínú odò, omi á gbé e lọ. Nínú gíláàsì, kò síbi tó fẹ́ gbà. Àwọn kòkòrò tíntìntín kan wà tó ń jẹ májèlé náà. Ara òkúta àti ara fóòmù inú ẹ̀rọ ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n wọn kì í tètè pọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ tó ni omi gbó. Kó tó dìgbà náà, oúnjẹ bín-ín-tín ni, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, kí a sì máa bu díẹ̀ kúrò nínú omi, kí a máa fi omi tó ti sùn mọ́jú nínú ike rọ́pò ẹ̀. Ó ní omi ẹ̀rọ àdúgbò wa ní oògùn nínú, àfi tó bá sùn ní gbangba kí oògùn náà lè fò lọ. Ó tún ra ìgò kékeré kan tó máa ń bu omi náà sí, tó máa kán oògùn àyẹ̀wò sí i. Tó bá ní àwọ̀ ìyeyè, ó dáa. Tó bá di àwọ̀ ewé, májèlé ti wà níbẹ̀.

Òun tó ń kọ́ mi ní sùúrù, òun náà kò lè mú un mọ́ra. Omi kò tíì gbó tó fi lọ ra ẹja pupa márùn-ún. Èyí tó tóbi jù nínú wọn máa ń fi èjìká gbá àwọn yòókù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí oúnjẹ bá ti dé, ló bá sọ ọ́ ní Alága. Ọlọ́run kò tíì fún wa lọ́mọ. Mo mọ àwọn tó ń sọ lẹ́yìn wa pé ẹja ni tọkọtìyàwó yìí bí. Mo gbọ́, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, torí nígbà tí Ọlábámijí bá ti ibi iṣẹ́ dé tó jókòó síwájú gíláàsì yẹn, ojú ẹ̀ máa ń tutù. Mo fẹ́ràn kí n máa wò ó bó ṣe ń wò wọ́n.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn náà ni àyà dì í mú. Dókítà ní ọkàn ẹ̀ ló rẹ̀, kò lágbára mọ́. Mo wà níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn nígbà tó dákẹ́. Mama, ìyá ẹ̀, tí wọ́n wá kí wa láti Ṣàgámù lọ́sẹ̀ náà, ni wọ́n wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Nígbà tí mo sáré dé pẹ̀lú oògùn lọ́wọ́, wọ́n ti fi aṣọ bò ó lójú.

Nígbà tí wọ́n mú mi délé, mo lọ dúró síwájú ẹja. Mo ní ó dáa, Ọlábámijí, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Ohun tó o bá mi sọ náà nìyẹn, ohun tí mo máa ṣe nìyẹn. Ẹja wọ̀nyí kò ní kú. Bí gbogbo ayé bá wó, wọn kò ní kú.

Àṣé mi ò mọ̀ pé àwọn olùbánikẹ́dùn ń bọ̀.

Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe. Ẹni tó bá ń lọ kí ọlọ́fọ̀ kì í lọ lọ́wọ́ òfo, búrẹ́dì ló sì yá jù. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, búrẹ́dì ti kún orí tábìlì wa bíi ti ìsọ̀ alátẹ. Wọ́n á jókòó, wọ́n á sunkún díẹ̀, wọ́n á ní kí n fara balẹ̀, ẹnì kan á wá ge búrẹ́dì pín fún gbogbo wọn. Gíláàsì ẹja ló sì wà nítòsí àga. Ọmọ Yorùbá kì í jẹun kí nǹkan ẹlẹ́mìí máa wò ó lẹ́nu. Ẹnì kan rún díẹ̀ sínú omi, ẹja sáré wá, inú àwọn ará ilé ọ̀fọ̀ dùn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ni ẹlòmíràn bá rún tiẹ̀ náà. Gbogbo ẹni tó wọlé ló fún wọn jẹ, tìfẹ́tìfẹ́.

Èmi nìyí lórí ẹní, nínú aṣọ dúdú, opó tuntun. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún àwọn tó bí ọkọ mi pé wọ́n ń pa ẹja ẹ̀? Mo bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Bọ̀dá Elkanah, sọ ọ́ ní jẹ́jẹ́. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, omi náà kò tíì gbó, ẹ bá mi sọ fún wọn. Wọ́n wò mí tàánútàánú. Wọ́n ní nítorí pé ọkọ mi kú, ṣé kí ebi wá pa ẹja ni? Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo gbé ìbínú mi mì. Mo fi ìró bo gíláàsì náà, ìyá àgbà kan ṣí i, wọ́n ní a kì í fi aṣọ bo ohun tó wà láàyè nínú ilé òkú.

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun bí omi ògì. Ó ń rùn díẹ̀díẹ̀. Mo kán oògùn àyẹ̀wò Ọlábámijí sí i nínú ìgò, ó dúdú bí ewé ẹ̀fọ́. Sẹ̀kínát, aládùúgbò mi tó ń ta ata ní Mile 12, nìkan ló gbà mí gbọ́. Á yà sọ́dọ̀ mi kó tó lọ sọ́jà, a ó jọ bu omi kúrò, a ó da èyí tó ti sùn sí i. Á máa bú gbogbo wọn fún mi, torí ó mọ̀ pé èmi ò lè bú wọn. Tó bá fi máa di ọ̀sán, búrẹ́dì tún ti dé.

Nígbà tí májèlé wá pọ̀, ẹja kò lè mí mọ́ nísàlẹ̀. Wọ́n gòkè wá sójú omi, wọ́n ń la ẹnu, wọ́n ń pa á dé. Kí ni àwọn àlejò mi rí? Wọ́n ní ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tọrọ. Ni wọ́n bá fi kún un.

Àkọ́kọ́ kú. Èkejì kú. Nígbà tí ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin kú pọ̀, obìnrin kan ní wọ́n ń tẹ̀ lé ọ̀gá wọn lọ ni, pé ẹja mọ olówó ẹ̀. Gbogbo wọn mirí. Mo fẹ́ kígbe pé ọ̀gá wo, búrẹ́dì ni wọ́n tẹ̀ lé. Alága nìkan ló kù lọ́jọ́ tí a fẹ́ sin Ọlábámijí.

Òbí kì í tẹ̀ lé òkú ọmọ dé ibojì. Nítorí náà, nígbà tí a ń lọ, a fi Mama sílẹ̀ nílé. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ẹni tó máa jókòó ti àwọn. Mi ò rántí nǹkan púpọ̀ níbi ìsìnkú, àfi iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ní kí n bù sórí ẹ̀, tí ọwọ́ mi kò fẹ́ ṣí. Èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé nígbà tí a dé.

Mama tẹ̀ sórí gíláàsì. Búrẹ́dì odindi kan ni wọ́n ti rún tán sínú omi, ìyókù wà lọ́wọ́ wọn. Omi náà ti ki. Alága wà lójú omi, ó ń la ẹnu sí wọn, wọ́n sì ń sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Jẹun, ọmọ mi. Jẹun."

Gbogbo ohun tí mo ti gbé mì láti ọjọ́ yìí wá tú jáde lẹ́nu mi, lórí ìyá arúgbó, lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọmọ wọn. Mo ní, "Mama, ebi kọ́! Kò rí èémí mí ni. Gbogbo ẹnu tó ń là yẹn, èémí ló ń wá, ẹ sì ń fi oúnjẹ dí i."

Mama dúró. Wọn kò bínú. Wọ́n wo ẹja náà pẹ́, wọ́n wá wò mí.

"Fadékẹ́," ni wọ́n wí, "bí Ọlábámijí náà ṣe ṣe sí mi nìyẹn. Ó ń la ẹnu, ó ń wò mí lójú. Mo ní òǹgbẹ ló ń gbẹ ọmọ mi. Mo bẹ nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n jẹ́ kí n fún un lómi, wọ́n kọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè sùn, torí mo jẹ́ kí ọmọ mi fi òǹgbẹ kú lójú mi." Ohùn wọn wá rẹlẹ̀. "Ṣé èémí ni òun náà ń wá?"

Dókítà ti sọ fún mi. Ó ní omi ló kún inú ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀, inú omi náà ló kú sí lórí ibùsùn. Mi ò sọ ọ́ fún Mama, mi ò sì ní in lọ́kàn láti sọ ọ́ láéláé. Irọ́ pé kì í ṣe èémí ti wà létè mi. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní òǹgbẹ ni, wọn kò ní sùn mọ́ títí ayé. Tí mo bá ní èémí ni, mo ti fi ẹnu ara mi sọ fún wọn bí ọmọ wọn ṣe jẹ̀rora kú.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mama. Èémí ni."

"Mo sì ń jà pé kí wọ́n jẹ́ kí n fún un lómi."

"Ẹ kò mọ̀, Mama."

Wọ́n gbé búrẹ́dì tó kù sílẹ̀. Wọ́n ká ọwọ́ aṣọ wọn sókè, wọ́n ki ọwọ́ bọ inú gíláàsì náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èérún búrẹ́dì kúrò nínú omi lọ́kọ̀ọ̀kan, omijé ń kán sí i, wọ́n ń sọ pé, "Má bínú. Má bínú, ọmọ mi, mi ò mọ̀ ni." Mo kúnlẹ̀ tì wọ́n, mo ń bá wọn ṣà á. Alága ti yí ikùn sókè ká tó ṣà á dé ìdajì. Mo rí i. Mama kò tíì rí i, mi ò sì lè sọ fún wọn pé kí wọ́n dáwọ́ dúró.