Ọkọ Tí A Wá fún Àbẹ̀ní

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀, dókítà ẹran sọ fún wa pé tí Àbẹ̀ní kò bá lóyún kí ooru tó mú, ká má dààmú ara wa mọ́. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti ń kọjá ọmọ bíbí. Ẹṣin Bàbá Àgbà ni Àbẹ̀ní. Clydesdale ni, irú ẹṣin ilẹ̀ Scotland tó máa ń fa ẹrù, tí irun ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń bo pátákò bí ìgbà tí ènìyàn bá wọ ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀. Ó ní orúkọ òyìnbó nínú ìwé ìran rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí Bàbá Àgbà ti rà á ló ti ń pè é ní Àbẹ̀ní, ẹṣin náà sì ń jẹ́ ẹ. Òun ló ń fa kẹ̀kẹ́ funfun tí Bàbá Àgbà fi ń gbé ìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní St. Albans, ní New York níbí, tó sì tún fi ń gbé òkú lọ sí itẹ́. Òun náà ló gbé Bàbá Àgbà lọ.

Kí Bàbá Àgbà tó lọ, ohun kan ló máa ń wí ṣáá: kí Àbẹ̀ní bí akọ kan fún òun, akọ tó níwèé, tí àwọn ènìyàn yóò máa gbé abo wá bá láti ọ̀nà jíjìn. Màmá Àgbà a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní ọkùnrin tí kò ríbi páàkì mọ́tò ní Springfield Gardens tún ń wá ibi tí yóò so akọ ẹṣin mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà sọ̀rọ̀ yẹn tán, kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Ó ní kí n gbé kọ̀ǹpútà wá sórí tábìlì ìjẹun, ká wá ọkọ fún Àbẹ̀ní.

Orí tábìlì yẹn ló ti kọ́ mi níwèé láti kékeré. Iṣẹ́ ẹ́ápọ́ọ̀tù kì í jẹ́ kí Dádì àti Mọ́mì gbélé, ọ̀rọ̀ kì í sì í tètè jáde lẹ́nu mi láàárín àwọn ọmọ ilé ìwé, nítorí náà Màmá Àgbà ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀ fún òun. Mo mọ bí wọ́n ti ń jókòó ti àgbà, kí wọ́n máa gbọ́. Bí wọ́n ti ń dá sí ọ̀rọ̀ àgbà ni mi ò mọ̀.

Ẹnì kẹta wa ni Alhaji Àjàlá, ọmọ Ìlọrin tó ń wa tasí. Òun àti Bàbá Àgbà ni wọ́n jọ háyà ilé ẹṣin kan lẹ́bàá omi lẹ́yìn ẹ́ápọ́ọ̀tù, níbi tí bàálù ti máa ń fò kọjá lórí àwọn ẹṣin débi pé wọn kì í gbójú sókè mọ́. Ilé ẹlẹ́ṣin ni wọ́n bí Alhaji sí. Ó máa ń sọ pé òun ti di ìjánu mú kí òun tó di ṣíbí mú.

Bí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí ìdílé ní Ọ̀yọ́ kí wọ́n tó fi ọmọ fún ọkọ, bẹ́ẹ̀ ni Màmá Àgbà ṣe é. Àwọn tó ní akọ máa ń polówó wọn lórí kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú àwòrán àti orúkọ àwọn bàbá ńlá wọn. Màmá Àgbà ní kí n máa ka ìran wọn sókè. Bí mo bá ti dárúkọ kan, á béèrè ohun tó pa á, bóyá ó máa ń tani nípàá, bóyá àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́ràn. Akọ àkọ́kọ́ dára lójú púpọ̀, ṣùgbọ́n Alhaji ní kí n ní kí wọ́n ya irun ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ sọ́tọ̀, kí wọ́n ya fọ́tò awọ tó wà lábẹ́ irun náà wá. Ó ní àìsàn kan wà tó máa ń mú ẹsẹ̀ irú ẹṣin yìí wú, ìdílé ló sì ń bá rìn, irun ni wọ́n fi ń bò ó mọ́lẹ̀. Wọn ò fi fọ́tò ránṣẹ́. Èkejì ti gé olùtọ́jú rẹ̀ jẹ rí. Màmá Àgbà ní òun ò fẹ́ àna oníjà.

Ẹ̀kẹta ni Baron. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Sharon ló ni ín, oko rẹ̀ wà lókè lọ́hùn-ún, ní ìhà Canada. Mo kọ̀wé sí i pé ìyá mi àgbà fẹ́ rí ọkọ ìyàwó lójúkojú. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó pè wá lórí fídíò ní ọjọ́ Sátidé, a sì dúró sí ẹnu ilé ẹṣin pẹ̀lú fóònù mi, àwa mẹ́ta àti Àbẹ̀ní tó ń na ọrùn lé wa lórí.

Sharon mú Baron rìn lọ, ó sì mú un rìn padà. Alhaji ń ṣàlàyé fún wa: ẹ wo orúnkún ẹ̀yìn méjèèjì bí wọ́n ti súnmọ́ra, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ẹ wo pátákò, ó fẹ̀ bí àwo ìyán, ẹ wò ó bó ti ń gbé ẹsẹ̀ sókè títí tí ìsàlẹ̀ pátákò fi hàn sí wa. Ó pẹ́ tí mo ti rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀. Màmá Àgbà sì ń wo ẹ̀yìn wọn. Ẹṣin dúdú kan gbé orí lé ọgbà níbẹ̀, ó ń wò wá. Màmá Àgbà ní kí n béèrè ta nìyẹn. Sharon ní Deacon ni, ìran mìíràn ni, àwọn Percheron tó wá láti France, òun ló ń fa igi nínú oko. Kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí a délé, mo ka ìran Baron. Tọ̀dọ̀ bàbá lọ geere. Mo dé tìyá, mo sì rí orúkọ kan tí mo mọ̀: Lochmuir Chief. Lẹ́tà ibẹ̀ kéré, kò sí ẹlòmíràn nínú wa tó lè kà á. Mo lè fò ó. Mo kà á.

Màmá Àgbà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó béèrè bóyá kì í ṣe orúkọ yẹn ló wà nínú ìwé Àbẹ̀ní. Mo ní òun ni, òun ni bàbá ìyá rẹ̀.

“Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n,” ó ní. “Ẹ wá òmíràn.”

Alhaji ṣàlàyé títí. Ó ní àwọn ẹlẹ́ṣin máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kí ẹ̀jẹ̀ rere má bàa fọ́n ká. Ọ̀rọ̀ náà kò wọlé.

“Ìyá Olúsànmí,” Alhaji fi orúkọ ọmọ pè é, “ẹṣin là ń sọ o. Kò sẹ́ni tó máa ka orúkọ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá yín, kí ló máa yà yín lẹ́nu níbẹ̀?”

“Ọmọ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni àwọn òbí mi. Ẹ wò mí dáadáa, ṣé ìwo hù lórí mi?”

“Ìwo ò hù. Agídí ló hù.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Màmá Àgbà ti pa kọ̀ǹpútà dé. Ó wá sọ fún wa nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Aṣọ ìyàwó ti wà nílẹ̀ nígbà tí arúgbó kan nínú agbo ilé rántí pé ìyá kan náà ló bí ìyá àgbà rẹ̀ àti ti ọkọ. Wọ́n tú u ká lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sunkún, kò sì fẹ́ ẹ.

Mo wá òmíràn. Gbogbo akọ Clydesdale tí mo rí, bí mo bá ti ka ìran rẹ̀ lọ sẹ́yìn díẹ̀, màá bá ìbátan Àbẹ̀ní níbẹ̀. Nígbà tí katakata dé oko àwọn òyìnbó, wọn ò fẹ́ ẹṣin ẹrù mọ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù, inú àwọn díẹ̀ yẹn ni gbogbo wọn ti jáde. Mo tún rí nǹkan mìíràn. Bàbá kan náà ló bí bàbá Àbẹ̀ní àti bàbá ìyá rẹ̀. Lochmuir Chief àti bàbá Àbẹ̀ní, ọmọ bàbá kan ni wọ́n.

Alhaji ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí n lọ sọ fún Màmá Àgbà, pé tó bá gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí ẹṣin tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn jù láyé, á gbà. Mo ní kó lọ sọ ọ́. Ó ní àwọn yóò tún ja ìjà Ìlọrin àti Ọ̀yọ́ ni; ó ní tèmi ló máa gbọ́.

Ní ọjọ́ kejì, dókítà fi ẹ̀rọ yẹ inú Àbẹ̀ní wò, ó ní ẹyin rẹ̀ ti gbó. Kì í ṣe pé akọ yóò wá bá a fúnra rẹ̀. Wọn yóò gba àtọ̀, wọn yóò fi í sínú àpótí tútù, yóò sì wọ bàálù wá. Kí Sharon tó lè rí i ṣe, ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ wa kó tó di ọ̀sán. Bí a bá kọjá ìyẹn, ó di kí ẹyin mìíràn gbó, dókítà kò sì ṣèlérí pé òmíràn á gbó.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Màmá Àgbà bí ìgbà tí mo bá fẹ́ tọrọ nǹkan. Mo ní, “Ẹ má bínú, mà. Ìbátan ni bàbá Àbẹ̀ní àti ìyá rẹ̀. Gbogbo wọn ni. Kò sí Clydesdale kan tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀.”

Ó béèrè bóyá ọkọ òun mọ̀. Mo ní mi ò mọ̀. Ó dìde, ó wọ kóòtù, ó ní kí Alhaji gbé wa lọ sí ilé ẹṣin.

Níbẹ̀, ó fọwọ́ gba imú Àbẹ̀ní, ó sì ń fi àtàǹpàkò pa ibi funfun tó wà níwájú orí rẹ̀. Alhaji rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó ti yọ fóònù láti pe Sharon nípa Baron.

“Wọ́n ti ṣe é fún un lẹ́ẹ̀kan,” Màmá Àgbà ní, “ẹ tún ní ká ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún nítorí òfin yìí. Ta wá ni ẹṣin tí màá yẹ̀ ẹ́ fún? Pẹ̀lúmi, ẹṣin dúdú ọjọ́sí yẹn ńkọ́? Ṣé wọn ò tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá?”

Mo ní wọn ò tẹ̀ ẹ́, ó wà nínú àwọn akọ tí Sharon ń polówó. Alhaji fi fóònù sápò. Ó ní ọmọ tí ìran méjì bá bí kò ní níwèé, kò sí ẹgbẹ́ tí yóò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ohun tí Oyèníyì, ọkọ Màmá Àgbà, gbàdúrà fún títí tó fi kú nìyẹn, ìwé.

“Nígbà tí ẹ dé New York yìí, Alhaji, ṣé ẹ níwèé?”

Gbogbo wa mọ̀ pé Alhaji wa tasí onítasí fún ọdún púpọ̀ kó tó níwèé.

“Ẹ tiẹ̀ wo orúkọ rẹ̀,” Màmá Àgbà ní. “Díákónì. Onílé ire ni.”

“Ẹ ò kúkú wá ìmáàmù fún un,” Alhaji dáhùn, ó sì jáde lọ dúró sínú mọ́tò.

Èmi ni mo pe Sharon. Mi ò tíì pe àlejò lórí fóònù rí láìjẹ́ pé ẹnì kan dúró tì mí. Ó béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá Deacon ni mo wí. Ó ní ṣé a mọ̀ pé ọmọ náà kò ní níwèé. Mo ní a mọ̀. Lọ́jọ́ kejì Alhaji ló lọ gba àpótí náà ní ẹ́ápọ́ọ̀tù. Kò bá wa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó fi bẹ́líìtì mọ́tò dè é mọ́ ìjókòó iwájú, ó sì ní kí n bọ́ sẹ́yìn.

Àbẹ̀ní bí ní ọdún yìí, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń ṣẹ́. Akọ ni. Ó dúdú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan funfun, irun ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti ìyá rẹ̀. Láti ìgbà tó ti lóyún ni Alhaji ti ń wí pé òun ò ní wo ọmọ náà. Òun ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ó jẹ́ kó gbẹ, ó jẹ́ kó mu ọmú, ó wá bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ tọ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti orúnkún dé pátákò, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó dúró, ó ń wo bó ti ń rìn lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Dókítà wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó yẹ àwọn méjèèjì wò, ó ní ara wọn le. Ó béèrè lọ́wọ́ mi ìgbà wo la fẹ́ kí òun wá tẹ ọmọ náà lọ́dàá tó bá dàgbà díẹ̀, nítorí akọ tí kò níwèé kò wúlò ju kó máa fa ẹrù lọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá Àgbà.

“Kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́,” Alhaji ní.

Màmá Àgbà yíjú sí i. Ó béèrè ta ni yóò gbé abo wá bá ọmọ tí kò níwèé.

“Ẹni tó bá lójú,” Alhaji ní. “Ẹ wo orúnkún ẹ̀yìn rẹ̀.”

Màmá Àgbà wò ó. Ọmọ náà ti ki orí bọ abẹ́ ìyá rẹ̀, ìdí nìkan ló kọ sí wa. Ó ní kí n sọ fún dókítà pé a dúpẹ́, kó máa lọ, a ó pè é nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń dun ìyá tàbí ọmọ.