Omi Àárọ̀ Ìyá Àsmá'ù

Láti ìgbà tí bàbá ilé ti kú ni Ìyá Àsmá'ù àti orogún rẹ̀ ti jọ ń jẹ oúnjẹ àárọ̀. Ìbíjọkẹ́, ìyàwó kékeré, ni í po ẹ̀kọ, tí í dín àkàrà. Ìyá Àsmá'ù, ìyáálé, kò ní iṣẹ́ méjì ju kó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó máa béèrè bóyá Iléṣà ni wọ́n ti lọ ṣẹ́gi wá, kó sì pín àkàrà sí méjì bó bá dé. Ọmọ Iléṣà ni Ìbíjọkẹ́. Òkè-Baálẹ̀, níbi tí ilé ọkọ wọn wà, ni orí rẹ̀ ti funfun, síbẹ̀ "ulé" ló ṣì ń pe ilé, ìyáálé rẹ̀ kò sì jẹ́ kó gbádùn lórí rẹ̀.

Ẹ má rò pé ìfẹ́ ló so wọ́n pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ o. Nígbà tí ọkọ wà láyé, gbogbo àdúgbò ló mọ ìjà wọn. Ikú ọkọ ló parí ìjà náà. Àwọn ọmọ tú ká, ilé ńlá ṣófo, obìnrin méjì yìí sì wo ara wọn lójú, wọ́n rí i pé kò sí ẹlòmíràn tó kù tí àwọn lè bá ṣe àwàdà.

Orúnkún ló dá ọ̀ràn sílẹ̀. Ìyá Àsmá'ù sanra, orúnkún rẹ̀ kò sì gbé e mọ́. Orí àga ló ti ń kírun, ó sì ń dùn ún dọ́kàn pé òun kò lè forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run òun mọ́. Dókítà tó lọ rí yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní àfi kó fọn díẹ̀. Kó má jẹ ohunkóhun títí di ọ̀sán, kó jẹun ọ̀sán, kó jẹ díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kó sì pa ẹnu dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Láàárọ̀, kó máa mu omi dáadáa.

Kí ló wá ṣòro níbẹ̀ tí kò lè sọ fún Ìbíjọkẹ́? Ìtìjú ni. Odindi ìyá àgbà, tó ní òun ń febi pa ara òun kí òun lè tẹ́ẹ́rẹ́! Ó ti ń gbọ́ ẹ̀rín Ìbíjọkẹ́ létí: "Ọkọ wo lẹ tún fẹ́ fẹ́, ìyáálé mi?" Nítorí náà, nígbà tí abọ́ ẹ̀kọ dé, ó ní, "Ìyàwó, mo ti ń san ààwẹ̀ Ràmàdáànì tó kù sí mi lọ́rùn o."

"Ọlọ́run á gbà á ní ààwẹ̀," ni Ìbíjọkẹ́ wí, ó sì gbé abọ́ rẹ̀ padà. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Mọ̀gàríbà, ó gbé oúnjẹ ìṣínu wá. Ilẹ̀ ti ṣú, òfin dókítà sì wà níbẹ̀. Ìyáálé ní òun ti fi dàbínù ṣínu, òun ti yó. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń dá oúnjẹ obìnrin náà padà láàárọ̀ àti lálẹ́, tó sì ń yọ́ tọ̀sán jẹ nínú yàrá rẹ̀.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Ìyá Àsmá'ù kò tiẹ̀ lọ jìnnà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìbíjọkẹ́ wá tọrọ ìṣáná, ó bá ife omi lẹ́nu ìyáálé rẹ̀. Ààwẹ̀ wo ni èèyàn ń gbà tó ń mu omi?

"Mo kàn fi ń yọ ẹnu ni," ni Ìyá Àsmá'ù wí.

Ṣùgbọ́n Ìbíjọkẹ́ ti rí i tó gbé e mì. Ó yí padà, kò sì mú ìṣáná mọ́.

Ẹ̀yin tí wọn kò tọ́ nílé olórogún, ẹ lè má mọ ohun tí èyí já sí. Ìyáálé tí kò jẹ oúnjẹ ìyàwó mọ́, tó tún ń purọ́ bò ó, májèlé ló ń bẹ̀rù. Wọn kì í sọ ọ́ jáde. Ìbíjọkẹ́ náà kò sọ ọ́. Ó kàn dẹ́kun à ń po ẹ̀kọ ni, kò sì pẹ́ tí Abdulhameed, ọmọ rẹ̀, gbé mọ́tò wá láti Iléṣà, tó kó ẹrù ìyá rẹ̀.

"Ìyàwó ọmọ mi ni mo fẹ́ lọ bá tọ́jú ọmọ," Ìbíjọkẹ́ wí lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ máa tọ́jú ara yín, mà."

Kò pe ìyáálé rẹ̀ ní "mà" rí. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ìyá Àsmá'ù ju kó bú u lọ.

Oògùn dókítà jẹ́ ṣá. Ìró bẹ̀rẹ̀ sí í tú nídìí rẹ̀, àtẹ̀gùn kò sì bà á lẹ́rù mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ti àga sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fọwọ́ ti ògiri, ó kúnlẹ̀, iwájú orí rẹ̀ sì kan ẹní. Ó sunkún ayọ̀ níbẹ̀. Bó ti sálámà tán, ó sáré bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ìbíjọkẹ́! Ìbíjọkẹ́ o!"

Ó ti gbàgbé. Àgádágodo ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn Ìbíjọkẹ́. Inú ilé dákẹ́, àánú ara rẹ̀ sì ṣe é gan-an.

Ó wọkọ̀ lọ sí Iléṣà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó bá Ìbíjọkẹ́ nídìí ẹ̀kọ àti àkàrà. Ní ilẹ̀ wa, èèyàn kì í bá ni nídìí oúnjẹ kí a má ní "ẹ bá mi re". Àti wèrè pàápàá là ń sọ ọ́ fún. Ìbíjọkẹ́ kò sọ ọ́. Ó kúnlẹ̀, ó kí i, ó wọlé, ó sì gbé omi inú ọ̀rá jáde.

"Ẹ wò ó, mà. Mi ò tíì já a."

Ojú ti Ìyá Àsmá'ù. Kò gba omi. Ọ̀sán kò tíì pọ́n, àsìkò rẹ̀ kò tíì tó, ṣùgbọ́n ó fa abọ́ Ìbíjọkẹ́ mọ́ra, ó mú ṣíbí tí ìyẹn fi ń mu ẹ̀kọ, ó sì mu ún kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, orúnkún, dókítà, ìtìjú.

Ìbíjọkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ìyáálé mi, ẹ ò bá ti sọ fún mi. Ǹ bá bá yín ṣe é. Èmi náà sanra."

"Dìde, jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ọmọ kékeré ké nínú yàrá. Ìbíjọkẹ́ wo ẹ̀yìn. "Ìyá rẹ̀ ti padà síbi iṣẹ́ nítorí mi," ó wí. "Ulé yẹn á jìnnà sí mi díẹ̀."

Ó di àkàrà fún un pé kó jẹ ẹ́ tí ọ̀sán bá pọ́n. Ìyá Àsmá'ù dé Òkè-Baálẹ̀, ó kírun, ó forí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tú àkàrà náà, ó pín in sí méjì, ó sì jẹ tirẹ̀.