Kì í Ṣe Ṣọ́ọ̀ṣì Nìkan

"Ẹ ní òtútù yìí lè pa èèyàn. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mọ́sálásí tó wà lẹ́yìn ilé epo bá ṣílẹ̀kùn fún àwọn tí kò nílé, ṣé òfin yín á bo àwọn náà?"

Amos Tillery ló béèrè. Ó le ojú koko, ó jókòó sẹ́yìn tábìlì gígùn pẹ̀lú àwọn lọ́yà méjì mìíràn tí wọ́n ń ṣe bíi séńétọ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn ní Ẹgbẹ́ Agbẹjọ́rò Ilẹ̀kùn Ṣíṣí. Tí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ lọ sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́ tàbí níwájú aṣòfin, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ di ọ̀tá rẹ̀ fún ọ̀sán kan. Wọ́n á já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́, ojú rẹ̀ á rí màbo. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbàdúrà fún un, tí wọ́n á sì jọ mu ọbẹ̀ ẹ̀wà ẹlẹ́ran ẹlẹ́dẹ̀ tí ìyàwó ọ̀gá máa ń sè ránṣẹ́. Amos yìí, díákónì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, kò sì sí ẹni tó mọ ọ̀tá ṣe tó o.

Lorna Brandsma, tó fẹ́ lọ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì, rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ni, Séńétọ̀. Gbogbo ilé ìjọsìn ló bò."

"Ẹ kà á fún mi."

Lorna ṣí àbá òfin náà. Ó kà á lọ, ó yí ojú ìwé, ó tún padà sẹ́yìn. Ṣọ́ọ̀ṣì ló wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, títí dé ìparí. Òun gan-an ló kọ ọ́. Amos ti kà á, ọ̀gá wọn, Harlan Dykhouse, ti kà á, àwọn tó kù náà ti kà á, ojú gbogbo wọn ló fò ó.

Kì í ṣe ìwà ìkà, kì í sì í ṣe àrékérekè. Àwọn èèyàn tí wọ́n ti ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti inú aṣọ ìkókó ni wọ́n, ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ní ìrọ̀lẹ́ rẹ̀, àti láàárín ọ̀sẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ dárúkọ ibi tí èèyàn ti ń sin Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń wá sí wọn lẹ́nu. Àwa tá a dàgbà sírú ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rín in, ó dákẹ́.

Amos bọ́ awò ojú rẹ̀. Kò ṣe séńétọ̀ mọ́. "Lorna, mo kàn ń wá ohun tí mo lè fi yọ ẹ́ lẹ́nu ni. Mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ lóòótọ́."

Ohun tó gbé wọn dé ìdí àbá yìí ni ọ̀rọ̀ Pásítọ̀ Gerrit Poelstra ní ìlú Noordwyk, tí kò jìnnà sí etí adágún Michigan. Iṣẹ́ jórinjórin ni bàbá náà ṣe kó tó di pásítọ̀, ìjọ rẹ̀ kò sì pọ̀. Nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀, ó tẹ́ ibùsùn sínú yàrá tó wà lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì fún èèyàn mẹ́sàn-án tí kò níbi tí wọ́n máa sùn. Ìgbìmọ̀ ìlú ní ilẹ̀ ìjọsìn ni, kì í ṣe ilẹ̀ oorun. Wọ́n ní tí wọ́n bá ṣì rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, àwọn á ti ilẹ̀kùn pa. Ilé ẹjọ́ kò lè gbọ́ ẹjọ́ náà kí ìgbà ẹ̀rùn tó dé. Ìdí nìyẹn tí Lorna fi kọ àbá pé ìlú kankan ní ìpínlẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ dí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ láti gba aláìnílé sílé nígbà òtútù. Tí ìgbìmọ̀ séńétọ̀ bá gbà á ní Ọjọ́bọ̀, àwọn aṣòfin tó kù ti ṣe tán láti gbà á lọ́jọ́ kan náà, gómìnà sì ti ní òun á buwọ́ lù ú kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Àwọn kan máa ń sọ pé apá ẹgbẹ́ yìí ti gùn jù, pé kò sí ilé aṣòfin tí wọn kì í kàn sí. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́. Ọ̀pọ̀ òfin tó wà nínú ìwé ìpínlẹ̀ lónìí, ọwọ́ wọn ló ti kọ́kọ́ jáde. Ṣùgbọ́n wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń gbèjà, opó àti àgbẹ̀ ló ń dá owó fún wọn, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹni kékeré dá nìkan dúró níwájú ìjọba. Èmi ò bínú sí apá gígùn. Ohun tí wọ́n bá fi ṣe ni mo máa ń wò.

Dykhouse ju súìtì mínńtì sẹ́nu, ó bọ́ sí kọ̀rọ̀, ó pe Séńétọ̀ Ruckman lórí fóònù, alága ìgbìmọ̀ náà, ọ̀rẹ́ wọn tó gbé àbá náà wọlé. Ó ṣàlàyé àṣìṣe wọn fún un, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn tún un ṣe. Ruckman kò tiẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó ní ìbò mẹ́rin ni wọ́n ní, mẹ́ta ló wà lódì sí wọn. Tí Séńétọ̀ Teague bá gbọ́ pé mọ́sálásí wà nínú rẹ̀, á kó ìbò tirẹ̀ lọ. Kí wọ́n jẹ́ kó kọjá bó ṣe wà, ilé ẹjọ́ á fẹ̀ ẹ́ lójú tó bá yá.

"Ó ní ká má fọwọ́ kàn án," Dykhouse wí nígbà tó padà dé.

"Kí lẹ̀yin wá sọ, sà?" Lorna béèrè.

"Mo sọ pé ìwọ lo máa jókòó síwájú wọn. Mi ò ní í darí ẹnu rẹ. Èyí tó o bá sọ níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ ni mo wà."

Wọ́n gbàdúrà. Kò sí ẹni tó jẹ ọbẹ̀ náà tán.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Pásítọ̀ Poelstra ti ń dúró de Lorna ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé aṣòfin. Táì dúdú tó máa ń wọ̀ lọ síbi ìsìnkú ló so mọ́rùn. Lorna fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ ohun gbogbo fún un. Ó rò pé bàbá náà á gbè sẹ́yìn òun, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀.

"Ọmọ mi," ni bàbá náà wí, "ọ̀kan nínú àwọn tó ń sùn nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì mi ti pàdánù ìka ẹsẹ̀ méjì nínú yìnyín èṣí. Mi ò bá Mùsùlùmí kankan jà. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí òfin bo àwa ná. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ wá bo àwọn tó kù."

Ọ̀rọ̀ bàbá náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ẹni tí òtútù ń pa kì í dúró gbọ́ àlàyé. Inú Lorna bà jẹ́ gan-an, nítorí ó mọ̀ pé tí òun bá dákẹ́, ibi gbígbóná á wà fún àwọn èèyàn yẹn láti sùn ní ọjọ́ Ajé.

Nígbà tó kàn án níwájú ìgbìmọ̀, ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó sọ nípa yìnyín, nípa ibùsùn mẹ́sàn-án, nípa bàbá arúgbó tí ìlú fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́. Àwọn mìíràn ń mi orí pé òótọ́ ni. Séńétọ̀ Salcedo ló kọ́kọ́ nawọ́. Obìnrin yìí kò fẹ́ràn ẹgbẹ́ wọn rárá, ó ti sọ nínú ìwé ìròyìn rí pé wọ́n fẹ́ sọ ilé aṣòfin di ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi.

"Ìyáàfin Brandsma," ó wí, "mọ́sálásí kan wà ládùúgbò mi. Ṣé òfin yín bò wọ́n, àbí kò bò wọ́n?"

Ruckman wúkọ́. Ó ní àkókò ti lọ, pé ìyáàfin ti gbìyànjú, kó lọ jókòó. Ó ń ṣílẹ̀kùn àsálà fún un ni, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló sì mọ̀. Lorna kò dìde.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ dáhùn. Kò bò wọ́n. Èmi ni mo kọ ọ́, mo sì kọ ọ́ bí ẹni pé àwa nìkan là ń sin Ọlọ́run ní ìpínlẹ̀ yìí. Mo ṣàṣìṣe. Ìjọba tó bá lè yan ilẹ̀kùn tí aláìnílé lè kàn lónìí, á lè yọ tiwa kúrò lọ́la. Ẹ fi gbogbo ilé ìjọsìn sí i. Tẹ́ ò bá ní í fi sí i, mo bẹ̀ yín, ẹ má dìbò fún un."

Teague pa fáìlì rẹ̀ dé, ó dìde, ó jáde. Ruckman wo Lorna títí, ó wá ní àwọn sún ìdìbò sí Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n lè tún àbá náà kọ. Nígbà tí Lorna bojú wẹ̀yìn, Dykhouse àti Amos ṣì jókòó síbi tí wọ́n wà. Àga Pásítọ̀ Poelstra ti ṣófo.

Salcedo bá a ní ẹnu ọ̀nà. "Mi ò fẹ́ràn ẹgbẹ́ yín. Mi ò sì ní í bẹ̀rẹ̀ lónìí."

"Mo mọ̀, mà."

"Ẹ tún un kọ, kẹ́ ẹ gbé e wá sí ọ́fíìsì mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Tó bá rí bẹ́ ẹ ṣe wí lónìí, mo máa dìbò fún un." Ó lọ kí Lorna tó lè dúpẹ́.

Bẹ́ńṣì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ ni Pásítọ̀ Poelstra jókòó sí, ó fi fìlà rẹ̀ lé orúnkún. Lorna jókòó tì í. Ó sọ ọ̀rọ̀ Salcedo fún un.

"Ó dáa," bàbá náà wí. "Ọjọ́bọ̀ yín dáa. Ọjọ́ Ajé tèmi ńkọ́?"

Lorna ro gbogbo òfin tó mọ̀, kò rí ọ̀kan tó lè ràn án lọ́wọ́ kí ọjọ́ Ajé tó dé. Ohun kan ṣoṣo tó rí ni pé ìgbìmọ̀ ìlú kankan kò lè bi èèyàn léèrè ẹni tó gbà lálejò sínú ilé ara rẹ̀. Ó ti mọ èyí tipẹ́. Kò kàn tíì kan òun fúnra rẹ̀ rí ni.

"Bàbá, méjì lè sùn sílé mi títí wọ́n á fi dìbò."

Amos, tó ti dé ẹ̀yìn wọn pẹ̀lú Dykhouse, ní yàrá kan ṣófo nílé òun náà. Gbogbo wọn bá wo Dykhouse. Kápẹ́ẹ̀tì funfun ló wà ní pálọ̀ ọkùnrin yìí, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ gan-an kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́.

"Mẹ́ta lọ́dọ̀ mi," ó wí, ó sì yọ fóònù láti pe àwọn tó kù ní ọ́fíìsì.

Poelstra dìde, ó dé fìlà. "Inú mi ò tíì rọ̀ sí ẹ tán," ó wí fún Lorna.

"Mo mọ̀, sà."

"Ẹ múra sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn máa ń hanrun." Ó sì di apá Lorna mú sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Nínú mọ́tò, Lorna pe Wes, ọkọ rẹ̀. Ó ní kó tẹ́ àwọn bẹ́ẹ̀dì tó wà ní yàrá àwọn ọmọ.

"Òfin yẹn ti kọjá ni?" Wes béèrè.

"Kò tíì kọjá."

"Ta ló wá ń bọ̀?"

"Àwọn tí mo sọ níwájú ìgbìmọ̀ pé mò ń jà fún."

Wes wá ní kó bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń mu kọfí láàárọ̀.